Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sórí Tábìlì Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo wọ kíláàsì, mo rí i pé wọ́n ti fi máákà dúdú kọ LESBO sórí tábìlì èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ya ọfà méjì sí i, ọ̀kan kọjú sí ìjókòó mi, èkejì kọjú sí tirẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n rí kò ju pé a máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú láti Típà dé Òkè-Odò nígbà tí kò bá sí owó kòròpe. Ó yẹ kí n dúró tì í. N kò dúró. Mo gbé àpò mi lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo tún bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀rù ló bà mí. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 ní kí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin, tàbí ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin, lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14; ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10. Bí wọ́n bá ti lẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọmọbìnrin lára, ta ni yóò bi í léèrè kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀? Ẹ lè fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. N kò ní dáhùn. Ẹni tó kọ ọ́ náà kò béèrè.

Mo wá ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Lesbos ni orúkọ erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì. Akéwì obìnrin kan, Sappho, gbé níbẹ̀ ní nǹkan bí 2,600 ọdún sẹ́yìn, ó sì kéwì nípa ìfẹ́ rẹ̀ sí obìnrin. Nítorí rẹ̀ ni orúkọ ará ìlú fi di orúkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀: lesbian. Àwọn kan ń fi inú dídùn pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu ẹlẹ́yà ló ti gé kù sí lesbo. Síbẹ̀ ìyá arúgbó tó ń ta ẹja ní Lesbos lónìí, lesbian ni, bí èmi ṣe jẹ́ ará Táńkè. Ní ọdún 2008, mẹ́ta nínú wọn gbé ẹgbẹ́ kan lọ sílé ẹjọ́ ní Athens pé kí wọ́n má lo orúkọ ìlú àwọn mọ́. Wọn kò jàre. Ẹ wo bí yóò ti rí ná, kí "ará Táńkè" di èébú ní ìlú tí n kò dé rí!

Ti Gánà ló yà mí lẹ́nu jù. Supi ni àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé níbẹ̀ ń pe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ wọn, pàápàá ọmọ kíláàsì òkè tó ń ra ẹ̀bùn fún ti ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní "superior" ló di supi. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n fi ń fura sí obìnrin.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àwa náà ní school mother ní bọ́dìn. Orí bẹ́ẹ̀dì tèmi ni mo máa ń sùn sí tí ibà bá dé. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan." Ó dákẹ́. "Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti rí i."

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé àpò mi padà sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ti fi réésà họ tábìlì náà títí ó fi ku B àti O. Kò wò mí. Ṣùgbọ́n ó sún díẹ̀. Mo jókòó, mo mú rúlà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí họ O.