Ayọ̀délé ní Ojú-Ewé Kìíní

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Òwe yìí ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ní Ajah gbàgbé, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Lekki gbé iṣẹ́ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Ojú-ewé mẹ́rin ni ó pín in sí: orúkọ, àdírẹ́sì, òbí àti àwòrán. Fọ́ọ̀mù gígùn a máa dẹ́rù ba ènìyàn lórí fóònù. Àjọ INEC pàápàá pín tirẹ̀: láti ọjọ́ 28 oṣù Òkudù, 2021, àwọn ará Ẹtí-Ọ̀sà lè kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn nílé, kí wọ́n tó lọ tẹ̀ka ní ọ́fíìsì.

Ìyá rẹ̀, olùkọ́ Yorùbá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ni ó bẹ̀ kí wọ́n dán an wò. Wọ́n tẹ Ayọ̀délé tàmìtàmì. Wọ́n kọjá ojú-ewé kejì, wọ́n kọjá ìkẹta. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ ní ìkẹrin ni lẹ́tà pupa yọ: orúkọ yín kò tọ̀nà. Fọ́ọ̀mù dá wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ ti pòórá.

“Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni kò tọ̀nà?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Bí ẹ bá yọ àmì rẹ̀, yóò gbà á.”

“Bí mo bá yọ ọ́, ayò ni yóò kù. Ṣé ayò ọlọ́pọ́n ni wọ́n ní ó délé?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, pé láti A dé Z nìkan, ni ó lé ìyá rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà 7 ni ojú rí nínú Ayọ̀délé. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà gbogbo èdè, “ọ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ọ̀” kò ní. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Fóònù kan lè fi orúkọ yìí ránṣẹ́ bíi nọ́ńbà 8. Òmíràn, tí ó tú gbogbo àmì palẹ̀, a fi 11 ránṣẹ́. Ojú kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà a sì ní orúkọ méjì ni.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ó gbé àyẹ̀wò orúkọ wá sí ojú-ewé kìíní, ó sì mú kí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan máa fi ara rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù.

Ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ́kọ́ gbà. Láti 2021 ni JAMB ti ń béèrè NIN, orúkọ tí ó wà nínú ìwé NIN àwọn ọmọ náà kò sì ní àmì. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbẹ̀yìn, àyè méjì ni wọ́n ṣe: ọ̀kan fún orúkọ bí ẹni tí ó ni ín ṣe kọ ọ́, èkejì fún ti NIN.

Ìyá rẹ̀ tún jókòó tì í. Nẹ́tíwọ̀kì lọ ní ojú-ewé kẹta. Nígbà tí ó dé, Ayọ̀délé ṣì wà níbẹ̀ tàmìtàmì, wọ́n sì kọjá sí ìkẹrin.