Ta Ni Ó Ń Ra Òróró Fìtílà?

Gbólóhùn kan wà tí etí wa kò gbọ́ rí nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí ó sì ti di ohun tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi tan hotspot yín." Mo ń gbọ́ ọ nínú ilé, mo ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ Èkó láti ẹnu ẹni tí n kò mọ̀ rí. Bí ẹni ń tọrọ iná ni wọ́n ń tọrọ rẹ̀. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó tèmi yóò rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi àpáàdì lé wa lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, pé kí a lọ wá iná wá ní ojúlé kejì. Ẹni tí a bá tọ̀ lọ kì í rojọ́. Yóò mú ògúnná kan sínú àpáàdì náà, a ó sì sáré bọ̀ wálé kí ó tó kú. Iná tirẹ̀ kò dín nítorí pé tiwa ràn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ahun paraku nìkan ni í fi iná du aládùúgbò rẹ̀.

Ǹjẹ́ iná ni ohun tí a ń tọrọ lónìí?

Fóònù ọwọ́ wa a máa bá òpó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ nípasẹ̀ káàdì SIM tí ó wà nínú rẹ̀. Láti orí òpó náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé. Nígbà tí a bá tan hotspot, fóònù náà di ẹnubodè. Yóò máa fọ́n ìgbì Wi-Fi yí ara rẹ̀ ká, ẹ̀rọ mìíràn tí ó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò sì gba ibẹ̀ kọjá sí ìta. Lójú àwọn tí ó wà ní ìta, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn: orúkọ ẹni tí ó ni SIM ni wọ́n ń jẹ́, láti inú dátà tí ẹni náà rà ni wọ́n sì ti ń bù. Ọgbọ́n tuntun ni. Ọdún 2010 ni ó dé orí fóònù Android, iPhone gba tirẹ̀ ní 2011, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 2001 ni fóònù GSM fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí àlejò kan bá wo fídíò lórí hotspot mi, kò sí ohun tí ó dín lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti dín. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹni tí ń tọrọ rí. Òróró ni ẹni tí ń fúnni mọ̀.

Àwa tí a sun ilé ìbùsùn ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí kí fóònù tó dé. Bí iná ìjọba bá lọ ní àkókò ìkàwé alẹ́, ẹni mẹ́fà ni í yí àtùpà kan ká. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó wa; ẹni kẹfà kò mú kí ìwé ẹni àkọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì inú rẹ̀, ìyá ẹnì kan ni ó rà á, tí ó gbé e wá nínú ike ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tí ó ni àtùpà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ òwú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì pa á kí agogo tó lù. Àwọn kan a máa kùn pé ahun ni. Olórí ilé ìbùsùn wa ní ọdún kan, tí ó ti di ìyá àgbà báyìí, tí yóò sì rẹ́rìn-ín bí ó bá ka èyí, ni ó wá ọgbọ́n sí i. Ó lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kọ orúkọ gbogbo wa sí i, ìgò kẹrosíìnì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó tún pa àtùpà kí agogo tó lù.

Ọdún yẹn kan náà ni a ka àkàwé wúńdíá mẹ́wàá, tí ó wà nínú ìwé Mátíù orí 25, ní ìsìn òwúrọ̀. N kò fẹ́ràn àkàwé náà nígbà náà. Lójú mi, àwọn ọlọgbọ́n márùn-ún yẹn rorò jù fún ẹni tí ń lọ sí ibi ìgbéyàwó. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní kí a tún ìdáhùn wọn wò dáadáa: wọn kò ní àwọn kò fẹ́ fúnni, wọ́n ní ohun tí ó wà nílẹ̀ kò ní kárí. Bí wọ́n bá pín in, fìtílà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ìbá kú lójú ọ̀nà, ọkọ ìyàwó ìbá sì bá gbogbo wọn nínú òkùnkùn. Lóòótọ́, Bíbélì kan náà ni ó sọ ìtàn opó Sáréfátì tí ó fi ìwọ̀nba òróró tí ó kù ní ilé rẹ̀ ṣe àkàrà fún Èlíjà, tí kólòbó rẹ̀ kò sì gbẹ. Àwọn oníwàásù a máa mú ọ̀kan, wọn a fi èkejì sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìjọ ṣe ní ọjọ́ náà. Èmi gba méjèèjì gbọ́. Mo kàn ṣàkíyèsí pé wòlíì ti ṣe ìlérí fún opó náà kí ó tó dáná. Ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé mi ní Abẹ́òkúta. Àrùn kòrónà ti ti àwọn ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta. Ní ìparí oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwa ará Ògùn jókòó sílé, àwa àti àwọn ará Èkó àti Àbújá. Ìdánwò WAEC tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin kò wáyé. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó ṣe é. Ọmọ mẹ́ta ni ó wà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àti fóònù tèmi tí gbogbo ilé gbára lé. Ní ojúlé kejì ni ọmọbìnrin kan tí ó wà ní SS3 ń gbé, ọmọ ìyá aláta. Ó ní fóònù kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Dátà ni kò ní. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, olùkọ́ ìṣirò sì ń ṣe kíláàsì lórí Zoom ní ìrọ̀lẹ́. Ó tọrọ hotspot, mo tan án fún un. Ògiri ilé wa nípọn, Wi-Fi kì í sì í fẹ́ràn ògiri, nítorí náà ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé pálọ̀ wa níta, ó ń jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́rin títí ẹ̀fọn yóò fi lé e.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ wá. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó mú igba náírà jáde.

"Ẹ gbà á, Ìyá Ìbejì," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé kò tó. Mi ò kàn fẹ́ kí ọmọ mi máa jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń ṣagbe."

Ọkọ mi ní kí n má ṣe gbà á, pé àdúgbò yóò ní a ń ta afẹ́fẹ́ fún aláìní. Mo gbà á, tọwọ́-tẹsẹ̀ ni mo sì fi gbà á, nítorí ìyá náà jù mí lọ. Èmi àti ọkọ mi kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò lọ sí abẹ́ fèrèsé mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó yan ìjókòó kan nínú pálọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná tí ó ń sọ fún àkọ́bí mi pé kí ó dá fíìmù tí ó ń wò dúró, kíláàsì ìṣirò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń tọrọ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Igba náírà kò ra ìdajì ohun tí ó ń lò, èmi àti ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rà ni pé kí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí òróró bá di ti àjọni, gbogbo ọwọ́ ni í ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ rí i pé wákàtí kan lórí Zoom, tí olúkúlùkù ṣí kámẹ́rà sílẹ̀, lè jẹ tó gígábáìtì kan, nígbà tí iṣẹ́ tí olùkọ́ tẹ̀ sórí WhatsApp kò jẹ ohun tí ó hàn sójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa kámẹ́rà. Kọ̀ǹpútà ni olè tí ó burú jùlọ nínú ilé. Bí Windows bá ti rí Wi-Fi, ó rò pé omi òjò ni. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe tirẹ̀, tí ó lè tó gígábáìtì mélòó kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibì kan wà nínú ètò Wi-Fi rẹ̀ tí a ti lè sọ fún un pé dátà yìí ní òṣùwọ̀n. "Metered connection" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ ni dátà wa bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Hotspot a sì máa mu bátìrì, a máa mú fóònù gbóná. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó fẹ́ lò ó, okùn USB ni ó dára jù, nítorí bí dátà ti ń bọ́ sínú kọ̀ǹpútà ni iná kọ̀ǹpútà ń bọ́ sínú fóònù.

Ti páásíwọ́ọ̀dù ni mo le lé lórí. Èyí tí ọmọdé kan bá mọ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí olúkúlùkù so SIM rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi hotspot mi ṣe, ẹnu ọ̀nà tèmi ni ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò já sí. Mo ń pa á dà ní oṣooṣù, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó mú mi rojọ́ gígùn yìí nínú ìwé àjọ̀dún wa ni èyí tí mo rí nígbà tí mo wá ṣe ìpàdé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Mo yà sí yàrá kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tí sẹ́ẹ̀tì wa fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ wà níbẹ̀, orúkọ wa sì ń dán lára ògiri. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, àwọn ọmọ SS3 sì ń fi àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá dánra wò. Lórí tábìlì olùkọ́ ni fóònù kan wà, ọmọ kan sì ń fi ìwé àjákọ fẹ́ ẹ kí ó má baà gbóná jù. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ni ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú méjì yòókù ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò parí, nítorí fóònù náà kì í gbà ju ẹ̀rọ mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo bèèrè pé dátà ta ni.

"Tèmi ni, mà," ni olùkọ́ náà dáhùn, ó sì yára fi ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò rán mi níṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó bi í bí ó ti ń ṣe é. Ìwé kékeré kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó ń kọ iye dátà tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan jẹ sí. Mo rò pé yóò fi béèrè owó padà ni. Ó ní rárá, òun fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun pa á kí owó oṣù tó tán. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà. Kò sí ẹni tí ó fi ìdá kankan kún owó oṣù tirẹ̀.

A ti fúnni ní fìtílà, a sì ti kọ orúkọ wa sí i. Ẹni tí ń ra òróró kò sí lára ògiri.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ojú WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wa, arákùnrin kan kọ ọ́ pé iṣẹ́ Olúwa ni olùkọ́ náà ń ṣe, èrè rẹ̀ wà ní ọ̀run. Àmín. Ṣùgbọ́n èrè ọ̀run tí Ọlọ́run yóò san fún olùkọ́ kì í ṣe owó tí àwa lè fi san gbèsè tiwa. Arábìnrin kan kò bá wa jiyàn. Ó béèrè iye tí dátà oṣù kan jẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti fi ti oṣù Kìn-ín-ní ránṣẹ́. A ra ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré kan tí ó ní ojú SIM tirẹ̀, irú èyí tí ó lè gba ẹ̀rọ bí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi forúkọ SIM náà sílẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni páásíwọ́ọ̀dù wà, fóònù rẹ̀ sì ti padà sínú àpò rẹ̀.

Ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà báyìí, oṣù méjìlá ọdún ni a kọ sí i. Sẹ́ẹ̀tì wa mú oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ mú oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, àwọn tí ó ṣáájú wa jáde sì mú oṣù Keje. Oṣù Kẹjọ jẹ́ ti ìsinmi. Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé oṣù Kejìlá ṣì ṣófo. Bírò kan wà níbẹ̀ tí a fi okùn so mọ́ ọn.