Ohun tí Mo Sọ Sínú Agbọ̀n Ìdalẹ̀sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi tí a fi ojú rénà ni í gún ni lójú. Ti èmi gún mi lójú nínú kíláàsì mi ní Ìsọlọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi ẹ̀gbà ọrùn tí ń dún bí ṣaworo wọlé. Ìdérí ìgò tí ó ṣà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta mínírà ní Òṣòdì ni ó lù pẹrẹsẹ, tí ó sì fi wáyà bàbà tí ó gbà lọ́wọ́ rẹwáyà so pọ̀. Mo bínú. Mo ní, 'Ṣé ààtàn ni o gbé kọ́rùn wá sí ilé-ìwé?' Mo gbà á, mo sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdalẹ̀sí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ má bínú, sà. Màmá mi ni mo fẹ́ fún.'

Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni mo ka ìtàn El Anatsui, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka ní 1975. Ìdérí ìgò ọtí ni òun náà ń lù pẹrẹsẹ, tí ó ń fi wáyà bàbà so pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí yóò fi fẹ̀ bí aṣọ tí ó bo ògiri. Ní 2015, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n fi ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà dá a lọ́lá. Ní Èkó níhìn-ín pàápàá, Olu Amoda, tí ó ti kọ́ni ní Yaba College of Technology, fi irin àlòkù ṣe ère Sunflower, tí ó gba ẹ̀bùn ńlá ní Dakar ní 2014.

Ojú tì mí. Nínú kíláàsì kan náà ni mo ti ń kọ́ wọn pé asúdẹ a máa yọ́ ìdẹ àlòkù láti fi ṣe ẹ̀gbà àti ṣaworo tuntun, pé alágbẹ̀dẹ kì í sọ irin nù. Mo ń kọ́ wọn ní àṣà. Nígbà tí àṣà wọlé, mo lé e jáde.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti da ohun inú agbọ̀n nù láti ọjọ́ Ajé. Àkìtàn kì í kọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í dá ẹrù padà. Mo ti ṣa ìdérí ìgò kún àpò kan fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ẹ̀gbà mìíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó sọ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ nù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ti ṣe é.