Òórùn Inú Yàrá Màmá Àgbà

Nígbà tí òórùn ìtọ̀ gba yàrá Màmá Àgbà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni gbogbo wa ń wò. Àwọn náà mọ̀: wọn ò mu omi mọ́ lálẹ́. Mo fi ọṣẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì títí. Bí òjò bá ti rọ̀, òórùn á tún dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá ológbò wa níbi tó lóṣòó sí lẹ́yìn ibùsùn. Mo kígbe pe gbogbo ilé wá wò ó! Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti mu ìtọ̀ yó. Òkè nìkan ni mo ti ń fọ̀. A gé fóòmù dànù, mo fi fínígà àti omi fọ kápẹ́ẹ̀tì, a sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a tẹ́ ẹ padà, Màmá Àgbà ní kí n bu omi wá fáwọn. Ife méjì ni wọ́n mu.