Lẹ́tà K Kì í Tó Wa

Kọ̀mpósítọ̀ ni wọ́n ń pè wá nílé ìtẹ̀wé. Inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ náà; ẹni tó ń to nǹkan pọ̀ ni. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ní Ṣómólú kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí n dúró ti àpótí oníhò wẹ́wẹ́, kí n máa ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa tò ó lórí kodò sínú irin ọwọ́ òsì mi.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Abẹ́òkúta ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti 1859, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló sì kọ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń rọ lẹ́tà nílùú òyìnbó ń rò. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń tà á, bí *e* bá jẹ́ 12,000, *k* kì í ju 800 lọ. *C* tí Yorùbá kì í lò ń jẹ́ 3,000. Ẹ wá ka *kò*, *kí*, *kan*, *kọ́* inú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo! Ojú ewé kò ní tíì kún tí ihò *k* á ti gbẹ. Ti *ẹ*, *ọ* àti *ṣ* tún le jù, nítorí ọ̀tọ̀ là ń rà wọ́n.

Bí *k* bá tán, a ó dojú lẹ́tà mìíràn délẹ̀ sáyè rẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì tẹ àmì dúdú sórí pírúùfù, ìwé tí a kọ́kọ́ tẹ̀ wò. Tí a bá tẹ ojú ewé kìíní tán, a ó fọ òjé, a ó dá lẹ́tà padà sínú ihò kálukú, ká tó rí *k* fi dí àwọn àlàfo náà. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú là ń tẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé sún síwájú. Bí ọjọ́ bá ti ká wa mọ́, àmì ohùn la kọ́kọ́ ń yọ dànù.

Àwọn tó ń ka ìwé àtijọ́ a máa ní òǹkọ̀wé kò mọ àmì í fi sí. Nígbà mìíràn ó mọ̀ ọ́n. Àpótí wa ni kò ní in.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà báyìí, *k* kì í sì í tán mọ́. Síbẹ̀, fọ́ǹtì tí àmì ohùn kì í jókòó dáadáa lórí *ọ* ṣì wà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé báyìí pé kí wọ́n tẹ *ẹ̀*, *ọ́* àti *ǹ* wò kí wọ́n tó gbowó oníbàárà.