Alùpùpù Àlòkù àti Ọ̀nà Yangí Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin, àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a bí ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé àwọn abúlé kan wà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ wọ́n. Bí ọ̀nà náà bá sì bàjẹ́, ẹni tí ó wà nínú yóò wà nínú, ẹni tí ó wà lóde yóò wà lóde. Irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni tiwa. Ẹ̀yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ó wà, bí a bá kọjú sí ìhà Ìgbòho. Kìlómítà 27 ni ó fi jìnnà sí títì ọlọ́dà, yangí àti taàrá sì ni gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n fi tẹlifóònù pè mí ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, pé àìsàn bàbá mi le. Mo wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ọkọ̀ kò lọ. Àwọn ọlọ́kadà tí mo bá ní ìkóríta wo ojú ọ̀run, wọ́n mi orí. Ilé onílé ni mo sùn sí fún òru méjì. Nígbà tí mo fi máa dé ilé, wọ́n ti sin bàbá mi. Ìyá mi kò bá mi wí. Ohun tí ó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ó béèrè rẹ títí." Gbólóhùn yìí ni ó sọ mí di ẹni tí ń gun alùpùpù.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lẹ́nu àwọn ẹbí

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó dijú, ó ní: "Àbúrò mi, opó ọlọ́mọ mẹ́ta, lórí alùpùpù? Kí ni àwọn ènìyàn yóò wí?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ní ọdún 1973, obìnrin ará Faransé kan, Anne-France Dautheville, dá gun alùpùpù Kawasaki kékeré yí ayé ká. Ní ọdún 2015, Jeminat Olumegbon, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, gun tirẹ̀ la orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kọjá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí aráyé lè ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Èmi kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Kí n sáà lè dé ọ̀dọ̀ ìyá wa ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí ni."

Ó dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó mú mi lọ bá mẹkáníìkì kan tí ó fọkàn tán. Orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo ti kọ́ gígùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́ta, mo ṣubú níye ìgbà, mo sì gba ìwé-àṣẹ kí n tó fi ẹsẹ̀ kan títì.

Èwo ni kí a rà?

Àwọn alùpùpù ńlá kan wà tí a ṣe fún ìrìn-àjò jíjìn lórí títì àti lórí ilẹ̀ pupa. Ní ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì gbé èyí tí wọ́n ń pè ní R 80 G/S jáde, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Wọ́n dára, wọ́n sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn wúwo ju 200 kílò lọ. Mẹkáníìkì mi bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò gbàgbé: "Màdáámù, bí ó bá ṣubú nínú igbó, ta ni yóò bá yín gbé e?" Ìbéèrè yẹn ni ó yan alùpùpù fún mi. Ohun tí obìnrin kò bá lè dá gbé dìde, kí ó má fi wọ inú igbó.

Yamaha XT225 àlòkù ni a rí nígbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju 223 síísì lọ, afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un tutù, nítorí náà kò sí omi tí yóò jò, kò sì sí rédíétọ̀ tí òkúta yóò lù. Ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 81, ìka ẹsẹ̀ mi sì tẹ ilẹ̀. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1985, orúkọ ẹranko orí òkè kan tí ó jọ ewúrẹ́ ni wọ́n fún un. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo sọ tèmi ní Ewúrẹ́.

Ohun tí a ń wò kí a tó san owó

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé kì í ṣe èyí ni a kọ́kọ́ lọ wò. Ní ọgbà kan ní Èkó, ọ̀gá tí ń tà á ti tan ẹ́ńjìnì kí a tó dé. Mẹkáníìkì mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan án, ó gbóná, ni ó bá yí padà. Alùpùpù tí ó ní àrùn a máa ṣòro láti tan nígbà tí ó bá tutù. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un gbóná dè ọ́, ó ń pa nǹkan mọ́ ni. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á pé tútù ni ẹ fẹ́ bá a.

Bí ó bá ti dáhùn, ẹ wo èéfín rẹ̀. Èéfín tí ó bá rí bíi búlúù tí kò sì tán, òróró ẹ́ńjìnì ni ó ń jó. Owó ńlá nìyẹn. Èyí tí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí kò le bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan òróró inú ẹ́ńjìnì. Bí ìka yín bá rí ohun tí ń dán wínníwínní bí iyanrìn, irin inú ni ó ń jẹ ara rẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tí ó ti yí táyà ẹ̀yìn po. Bí ó bá ṣí kúrò lórí irin eléyín tí ó ń gùn, tàbí tí eyín irin náà ti tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bóyá òróró ń sun lára wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bẹ́ríǹgì ọrùn rẹ̀ ti lọ. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Kò gbọdọ̀ mì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti sípókù. Ẹ mú sípánà kékeré, kí ẹ fi lu sípókù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó le dáadáa yóò dún gooro bí agogo. Èyí tí ó dẹ̀ yóò dún bí ìgbà tí a lu igi gbígbẹ. Ọmọ Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ láti mọ ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì.

Lára táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnì wé ti inú ìwé. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ dìde.

Gbogbo èyí ni mo ṣe, àfi ohun kan ṣoṣo. N kò fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táńkì. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ó fi ojú mi rí.

Bí a ti múra rẹ̀ fún ilẹ̀ taàrá

Táyà ni ó kọ́kọ́ gba owó: èyí tí ojú rẹ̀ ní kókó kókó, tí yóò lè di yangí mú. Lẹ́yìn náà ni a de irin pẹlẹbẹ sí abẹ́ ẹ́ńjìnì, nítorí òkúta tí táyà iwájú bá ta, abẹ́ ni ó ń lọ. A fi ohun ààbò sí iwájú ọwọ́ méjèèjì, kí ìdẹ̀ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì má baà ṣẹ́ bí ó bá ṣubú. A sì tún fi méjì mìíràn pamọ́ sínú àpò. Fíltà afẹ́fẹ́ ni ìkòkò imú alùpùpù: ní ìgbà ọyẹ́, a gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ, kí a sì fi òróró pa á kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá fi í sílẹ̀, eruku yóò wọ inú ẹ́ńjìnì, yóò sì lọ̀ ọ́ bí ọlọ.

Ẹrù a máa wà nísàlẹ̀, kí ó sì súnmọ́ ẹni tí ń gùn ún. Ẹrù tí ó bá ga tí ó sì wà lẹ́yìn jù yóò mú kí iwájú fúyẹ́, alùpùpù yóò sì máa lọ síbi tí ó wù ú. Àpò aṣọ líle méjì ni mo lò. Ohun tí ó wà nínú wọn ni tíúbù méjì, irin ìyọ-táyà, pọ́ǹpù, púlọ́ọ̀gì kan, okùn kílọ́ọ̀ṣì, sípánà, omi mímu àti ìró kan. Ẹ má fi ìró sílẹ̀: ṣòkòtò ni a fi ń gun alùpùpù, ìró ni a fi ń wọ ilé àna àti ilé àgbà. Akoto tí ó bo gbogbo orí, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Ojú ọ̀nà

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni mo lọ, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Mo gba Mọ́níyà. Ọ̀nà tí ó lọ láti ibẹ̀ sí Ìsẹ́yìn tó kìlómítà 65. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2021, ó sì rọrùn bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ, mo gbọ́ ìró òfì ní àgbàlá kan bí mo ti dúró mu omi. Mo kọjú sí òkè, ìhà Òtù àti Àgọ́-Àrẹ.

Kò pẹ́ tí mo kúrò ní Ìsẹ́yìn ni Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́, ó sì kú. Mo tú kabúrétọ̀ ní abẹ́ igi ẹ̀mí kan gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì ti kọ́ mi. Ìpata pupa láti inú táńkì ni ó dí ihò rẹ̀. Ó gbà mí ní wákàtí méjì. Ọmọ Fúlàní kan tí ń da màlúù dúró wò mí títí mo fi parí, lẹ́yìn náà ni ó fún mi ní wàrà. Tọ́ọ̀ṣì kékeré ni n kò mú lọ síbi ọjà. Wákàtí méjì nínú oòrùn ni mo fi san án.

Ṣakí ni mo sùn, nítorí a kì í fi alẹ́ rin ọ̀nà yẹn. Ní òwúrọ̀, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ti rí àti bí àlàáfíà ti rí. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo kọjá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, níbi tí igbó ọba tí ìjọba ń dáàbò bò, èyí tí ó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká, ti nà dé. Ní ìkóríta abúlé wa, ibi tí wọ́n ti mi orí sí mi ní ọdún 2019, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dín atẹ́gùn inú táyà kù, láti 28 sí 20 lórí òṣùwọ̀n àwọn fọkanáísà. Táyà tí ó bá dẹ̀ díẹ̀ a máa tẹ́ lórí taàrá, a sì dì í mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dẹ̀ jù, òkúta yóò gé tíúbù mọ́ irin.

Taàrá kò fẹ́ agídí. Mo dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, mo fi orúnkún di táńkì mú, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi dẹ̀. Táyà iwájú yóò máa jó díẹ̀. Bí ẹ bá fi ipá dá a dúró, yóò gbé yín lulẹ̀. Ẹ má ṣe fún bíréèkì iwájú lójijì. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn, ẹ má ṣe wo òkúta tí ẹ ń bẹ̀rù, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni alùpùpù ń lọ. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo lò. Ìgbà kan ni mo ṣubú, nínú iyanrìn odò gbígbẹ. Mo dá Ewúrẹ́ gbé dìde.

Ìyá mi

Ìyá mi wà níwájú ilé, ó ń sá èlùbọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ọlọ́kadà ni, ó ní kí n kú ewu ọ̀nà, ó sì béèrè ẹni tí mo ń wá. Mo ṣí akoto, mo kúnlẹ̀ nínú eruku. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ nu yangí ní ojú mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ rí ọjà Ìgbòho, ìlú tí àwọn Aláàfin gbé nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọdún mẹ́rin ni kò fi dé ibẹ̀. Mo ti ra akoto kejì lọ́wọ́. Ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní: "Igbá wo nìyí?" Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di àyà, ó dé igbá náà, ó sì di ẹ̀gbẹ́ mi mú. A rọra lọ. Nígbà tí a dé ojú títì ọlọ́dà, ó fi ẹnu súnmọ́ etí mi, ó ní: "Ṣé bí ọ̀nà yìí kò ti jìnnà tó nìyí?"

N kò lè dá a lóhùn. Ẹ̀yin arábìnrin mi, kì í ṣe gbogbo wa ni yóò gun alùpùpù, n kò sì sọ pé kí ẹ gùn ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹnìkan ní ìparí ọ̀nà búburú, ẹ wá bí ẹ ó ti máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ alùpùpù àlòkù ni ẹ yàn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.