Ta Ni Yóò Gbá A?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Èmi ni a pè lórí nínú ilé wa, nítorí pé èmi ni dáwódù bàbá mi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Spéìn ni. Síbẹ̀, n kò lè sọ ọ́ kí n má sọ ti ara mi mọ́ ọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ni gbogbo ayé ń fi ọwọ́ tọ́ka sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi bá wo ìtàn náà bí ẹni wo dígí, ojú ẹlòmíràn ni mo ń rí níbẹ̀, ojú náà sì jọ tèmi.

Ní ọdún 1994, akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ni mí ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ní rédíò kékeré kan tí ó fi ń gbọ́ ìròyìn BBC ní alaalẹ́. Ọdún bọ́ọ̀lù ni ọdún náà jẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ni Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis. Ní oṣù kẹfà, wọn yóò lọ sí Amẹ́ríkà fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, níbi tí ẹsẹ̀ wa kò tíì tẹ̀ rí. Etí wa wá ṣí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú rédíò yìí ni a ti gbọ́ orúkọ Deportivo de La Coruña. Bebeto ni ó fà wá mọ́ wọn. Ọmọ ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, ni Bebeto, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kò tíì gbàgbé orúkọ Ṣàngó àti Yemọja. Fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ìyẹn nìkan tó láti sọ àjèjì di ará ilé.

Ìlú etí òkun ni La Coruña, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn Spéìn tí à ń pè ní Galicia. Ilé iná tí àwọn ará Róòmù kọ́ fún àwọn atukọ̀ ṣì dúró níbẹ̀ títí di òní, pápá ìṣeré ẹgbẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Riazor, kò sì jìnnà sí etíkun rárá. Ọdún 1906 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí mo ń wí yìí, wọn kò gba líìgì Spéìn rí. Bí àwọn tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wọn yóò ní Real Madrid àti Barcelona ni ọ̀ta, òpè sì ni àwọn yòókù. Ọdún 1991 ni Deportivo ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè padà sí ìpele kìíní. Arsenio Iglesias ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àgbàlagbà tí a bí ní 1930 ní Arteixo, ìlú kékeré kan nítòsí La Coruña, tí òun pàápàá ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà nígbà èwe rẹ̀. Ní 1992 ni Bebeto àti Mauro Silva dé láti Bràsíl. Góòlù 29 ni Bebeto gbá wọlé nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jù ú lọ ní gbogbo Spéìn. Ní 1993, Donato, ọmọ Bràsíl mìíràn, dé láti Atlético Madrid. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Miroslav Djukić, ọmọ Sẹ́bíà, tí ó dé ní 1990 nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní ìpele kejì. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó ń gbá.

Sáà 1993 sí 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ jáde lọ sí ìdíje Yúróòpù. Aalborg ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì nà wọ́n ní 1-0 lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi 5-0 san án padà ní Riazor. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Aston Villa nílé, wọ́n lọ nà wọ́n ní 1-0 ní Birmingham. Eintracht Frankfurt ti ilẹ̀ Jámánì ni ó dá wọn dúró: 1-0 nílé, 1-0 lẹ́yìn odi. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí i pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, góòlù mẹ́rin péré ni ó wọ ilé wọn. Bí ẹgbẹ́ náà ti rí nìyẹn: ẹ̀yìn wọn le bí òkúta. Nínú líìgì pẹ̀lú, góòlù 18 péré ni Liaño, aṣọ́lé wọn, gbà sílé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ó di 2016 kí aṣọ́lé mìíràn, Oblak ti Atlético Madrid, tó bá a dọ́gba.

Nígbà náà, àmì méjì ni ẹgbẹ́ tí ó bá borí ń gbà. Nígbà tí ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, Deportivo ní àmì 55, Barcelona ní 54. Bí Deportivo bá lè na Valencia ní Riazor ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ife di tiwọn.

Lọ́jọ́ náà, Barcelona na Sevilla ní 5-2 nílé tiwọn. Ní Riazor, góòlù kò wọlé níhìn-ín, kò wọlé lọ́hùn-ún. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà tí wọ́n gbé Nando ti Deportivo ṣubú níwájú ilé Valencia, tí rẹfirí sì fọn fèrè. Pẹ̀nárítì!

Ta ni yóò gbá a? Donato ni ó máa ń gbá a, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, orí ìjókòó ni ó wà. Bebeto ni àgbà ọ̀jẹ̀, òun ni gbogbo ìlú ń wò lójú. Ṣùgbọ́n ó ti pàdánù pẹ̀nárítì ṣáájú ní sáà náà, kò sì jáde sí èyí. Djukić, ọwọ́ ẹ̀yìn, ni ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tó rí fíìmù rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó sáré díẹ̀, ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà kò sì lágbára. González, aṣọ́lé Valencia, ṣubú lé e, ó mú un, ó dìde, ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún ayọ̀. Kò pẹ́ tí fèrè ìparí fi dún. Àmì di 56 sí 56, ṣùgbọ́n nítorí pé ti Barcelona ni ó tẹ̀wọ̀n jù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n jọ gbá ní sáà náà, àwọn ni wọ́n gbé ife lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Milan na Barcelona yìí kan náà ní 4-0 ní Athens nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè nu omijé ẹnikẹ́ni nù ní La Coruña.

Nígbà tí ìròyìn náà dé etí wa, ọ̀rẹ́ mi mi orí, ó ní, "Orí ló ṣe é." Èmi kò gbà. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ju ọwọ́: "Orí kọ́! Bebeto ló yẹ kó gbá a. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá gbá a, kódà bí mo bá máa pàdánù rẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Ó rọrùn láti gbá pẹ̀nárítì lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1996, a gbé bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú inú rírun tí kò jẹ́ kí ó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà pe èmi àti àbúrò mi obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ìfun bàbá ti lọ́, pé bí a kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ náà, kò ní rí ọjọ́ kejì. Pé bí a bá sì ṣe é, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó na pépà sí mi pé kí ọmọkùnrin àgbà fọwọ́ sí i. Ìyá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wá. Àwọn ẹbí bàbá mi kò tíì dé láti abúlé, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ara ẹ̀gbọ́n àwọn.

Mo wo pépà náà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yára dé báńkì. Owó ló yẹ ká kọ́kọ́ wá." Mo sì jáde. N kò lọ sí ibì kankan. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn náà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí, tí mo ń ka èso rẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí mo padà wọlé, àbúrò mi ti fọwọ́ sí pépà, wọ́n sì ti gbé bàbá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá kò jáde láàyè. Dókítà kò jẹ̀bi. Ó sọ òtítọ́ fún wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni àbúrò mi nígbà náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ẹbí ti bẹ̀rẹ̀, pé ọmọbìnrin tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni ó fa bàbá rẹ̀ lé ọ̀bẹ lọ́wọ́. Pé kání dáwódù wà níbẹ̀ ni. Kání dáwódù wà níbẹ̀! Ojú mi ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, èmi a sì dorí kodò. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo ń wò ó bí orí ọmọ ti ń wọ́, ogún ọdún gbáko.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa orí, àyànmọ́ àti ìwà. Bí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá orí ni ó ń gbe ènìyàn tàbí ìwà, ọkàn mi a fò lọ sí Riazor. Mo ti wá ṣe àkíyèsí pé ẹni tí ó gbìyànjú tí ó sì ṣìṣe ni à ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò jáde rárá kì í ní ìtàn. Ẹni tí ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó sílé ni ó máa ń kọ́kọ́ rí wíwọ́ ọ̀nà náà. A mọ bí a ti ń béèrè pé, "Ta ló pàdánù rẹ̀?" A kì í sábà béèrè pé, "Ta ló yẹ kó gbá a?"

Kí n má baà ṣẹ Bebeto, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí: láìsí góòlù rẹ̀, Deportivo kò ní dé ibi tí pẹ̀nárítì kan yóò ti lè sọ wọ́n di ọba Spéìn. Ọkàn rẹ̀ ni ó mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé ni ó sì rí i pé òun kọ́ ni ó gbá a. Kò fara pamọ́ sábẹ́ igi. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dókítà ìbá forí jì mí bí mo bá sọ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìwà tí mo hù lẹ́yìn ẹ̀rù náà ni ẹ̀ṣẹ̀: mo padà dé, mo sì jẹ́ kí ẹni tí ó kéré sí mi máa ru ẹrù mi kiri.

Djukić ní tirẹ̀ kò sá kúrò ní ìlú. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Deportivo títí di 1997. Ní 1995, wọ́n tún pàdé Valencia nínú àṣekágbá ife ọba ilẹ̀ Spéìn ní Madrid. Òjò ńlá dá eré dúró ní 1-1. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá gbá ìṣẹ́jú tí ó ṣẹ́kù, Alfredo sì gbá góòlù kejì wọlé fún Deportivo. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2000, wọ́n gba líìgì náà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ní Riazor kan náà, nígbà tí wọ́n na Espanyol ní 2-0. Donato, ẹni tí ó wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ pẹ̀nárítì, ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, ní ẹni ọdún 37. Djukić kò sí níbẹ̀ mọ́. Valencia, ẹgbẹ́ tí ó mú pẹ̀nárítì rẹ̀, ni ó ń gbá fún nígbà náà, ó sì bá wọn gba líìgì ní 2002. Àwọn ará La Coruña rí ife wọn gbà, Djukić náà sì rí tirẹ̀ gbà. Nígbà tí mo bá ro èyí, mo máa ń bi ara mi pé ìgbà wo ni àbúrò tèmi yóò rí tirẹ̀ gbà, ta ni yóò sì gbé e fún un bí kì í bá ṣe èmi.

Ní 2016, a pé jọ ní ilé bàbá wa fún ìrántí ogún ọdún. Lẹ́yìn àdúrà, mo dìde láàárín àwọn ẹbí, mo sọ ti pépà, mo sọ ti báńkì, mo sọ ti igi máńgòrò. Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Àǹtí bàbá mi kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ká ọwọ́ lérí. Àbúrò mi ti dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, níbi tí ó ti ń bu ọbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Kò gbé ojú kúrò nínú ìkòkò.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà gan-an ni."

Mo bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀.

"Ọjọ́ Àìkú ni. Báńkì wo ló ṣí?"

Ó wá na àwo ọbẹ̀ sí mi, ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn àgbà kí ó tó tutù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì gbé e lọ.